Kọ́ńsáàtì ọ̀fẹ́ fún ìrántí Akin Euba nínú gbọ̀ngàn àdúgbò: píánò, fáyólìn àti dùndún, ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìlà_Márùn-ún kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin ilé yìí. A fẹ́ ṣe kọ́ńsáàtì ọ̀fẹ́ kan ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn láti fi bu ọlá fún olóògbé Akin Euba, ọmọ Yorùbá tó kọ orin fún píánò, fáyólìn àti ìlù wa. Sátidé tó bá sún mọ́ 28 oṣù Kẹrin jù là ń wò, torí ọjọ́ náà ni wọ́n bí i l'Ékòó lọ́dún 1935. Gbọ̀ngàn ìjọ kan ni wọ́n yọ̀ǹda fún wa. Ó gùn tó mítà 18, ó fẹ̀ tó mítà 10. Táìsì ló wà nílẹ̀, òrùlé páànù ni, sílìn PVC sì wà lábẹ́ páànù náà. Àga rọ́bà 150 wà. Píánò onídùúró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ orin ìsìn, ẹnikẹ́ni kò tún ohùn rẹ̀ ṣe láti bí ọdún mẹ́ta. AC méjì wà, fáànù òkè mẹ́fà, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ògiri.

Àwọn tó máa ṣeré: fáyólìn méjì, fiólà kan (ó tóbi díẹ̀ ju fáyólìn lọ), sẹ́lò kan (èyí ńlá tí wọ́n ń jókòó lù), atẹpíánò kan, akọrin obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ga, àti àwọn onílù. Lára àwọn onílù náà la ti ní ìyáàlù, kẹríkẹrì àti gúdúgúdú. Orin tí a ní lọ́kàn ni String Quartet (orin fún fáyólìn méjì, fiólà kan àti sẹ́lò kan) tí Euba kọ ní 1957, díẹ̀ nínú Six Yoruba Songs, Scenes from Traditional Life fún píánò nìkan, ká wá fi Igi Nla So kádìí rẹ̀, èyí tí píánò àti ìlù Yorùbá jọ ń ṣe. Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tún ní ká fi African Suite ti Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà mìíràn tó kọ orin, kún un.

Kí ni ká kọ́kọ́ tọ́jú? Báwo la ṣe máa tún píánò yẹn ṣe tí òun àti ìlù kò fi ní máa bá ara wọn jà? Ṣé torí pé ọ̀fẹ́ ni, a kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni? Báwo sì ni onílù tí kò ka ìwé orin ṣe máa mọ ibi tí píánò dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun sábẹ́ ahọ́n.

Atúnpíánò kọ:

Ẹ kú ìmúra. Píánò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wò, lónìí bó bá ṣe é ṣe, kẹ́ ẹ tó tẹ orúkọ orin kankan sórí ìwé ìkéde. Ohun tí píánò yẹn bá lè ṣe ló máa sọ orin tẹ́ ẹ máa lù.

Ẹ gba tíúnà (áàpù tó ń wọn ohùn) sórí fóònù, ẹ tẹ kíì A tó wà lókè C àárín, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀. 440 Hz, ìyẹn ìmì 440 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ṣì wà ní 436 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títún ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan lè tó. Bó bá ti sún sí nǹkan bíi 430, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó padà sí 440. Ìdí ni pé okùn inú píánò lé ní igba. Bí ẹ ṣe ń fa èyí tó wà lókè, ẹrù ń pọ̀ sí i lórí pátákó ohùn (pákó inú píánò tó ń gbé ohùn jáde), èyí tẹ́ ẹ ti fà tẹ́lẹ̀ á tún rọ̀ wálẹ̀. Torí náà, fífà àkọ́kọ́ á yá, á sì kọjá ojú ibi tẹ́ ẹ ń lọ díẹ̀. Ìkejì, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ni ti ìfarabalẹ̀. Bí A bá ti wálẹ̀ dé 415, ìyẹn odindi ìdajì ohùn, ẹ má fà á sókè rárá. Okùn tó ti dógùn-ún á já, èèkàn tó ti dẹ̀ kò sì ní dì í mú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ètò yín dáadáa. Quartet kò ní píánò nínú. Scenes jẹ́ píánò nìkan. Orin mẹ́fà yẹn jẹ́ ohùn ènìyàn àti píánò, Igi Nla So sì jẹ́ píánò àti ìlù. Kò síbì kankan tí fáyólìn ti bá píánò pàdé! Kò pọn dandan kí píánò yẹn dé 440. Ẹ lè jẹ́ kí atúnhùn tún un ṣe síbi tó wà, kí gbogbo okùn rẹ̀ bá ara wọn mu, kí ẹ̀mí okùn àtijọ́ náà sì gùn. Ohun tó burú ni kí A wà ní 432, kí D wà ní ibòmíràn. Kí gbogbo wọn jọ wálẹ̀ kò burú.

Nǹkan mẹ́ta mìíràn tó yẹ kẹ́ ẹ wò kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Àkọ́kọ́, ẹ tẹ kíì kọ̀ọ̀kan ní ìgbà mẹ́wàá kíákíá pẹ̀lú ìka kan. Orin Euba kún fún ohùn tó ń padà wá lemọ́lemọ́, ó ń lo píánò bí ẹni ń lu ìlù. Òun ló dá orúkọ "African pianism" sílẹ̀ fún irú ìlò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ píánò onídùúró kì í yára padà bíi ti èyí tó dùbúlẹ̀. Kíì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè tán kó tó lè lù lẹ́ẹ̀kejì. Kíì tó bá ń lẹ̀, ọ̀rinrin ló mú kí fẹ́ẹ̀tì (aṣọ rírọ̀ tó nípọn) ihò rẹ̀ wú. Ẹ má fi òróró tàbí WD-40 sí i, á lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Atúnhùn ní pílà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ fẹ̀. Ìkejì, ẹ ṣí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Eku a máa gé fẹ́ẹ̀tì jẹ, ikán a sì máa gba ẹ̀yìn wọlé, pàápàá bí píánò bá lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìkẹta ni pédà ọ̀tún. Bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò tí ohùn ṣì ń dún, ó ní láti ní àtúnṣe kẹ́ ẹ tó lu Scenes, torí gbogbo ohùn á dàpọ̀ bí ọbẹ̀ tó jóná.

AC wá ńkọ́? Afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń mú kí pátákó ohùn sún kì, ohùn píánò á sì wálẹ̀, àárín rẹ̀ ló sì máa ń hàn sí jù. Bí ẹ bá tún un ṣe lọ́jọ́ Ẹtì nínú ooru, tẹ́ ẹ wá tan AC láàárọ̀ Sátidé, owó yín ti wọgbó nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ tan án láti ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa tún píánò ṣe, kó má sì kú títí ẹ ó fi parí. Bí iná kò bá dá yín lójú, ẹ má tan án rárá. Ẹ gba ooru mọ́ra. Atúnhùn nílò wákàtí méjì ìdákẹ́jẹ́ẹ́: kí ẹnikẹ́ni má gbálẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má dán máíkì wò.

ỌmọÀyàn kọ:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Atúnpíánò. Mo fẹ́ dáhùn lórí ìlù.

Ìyáàlù àti kẹríkẹrì kò ní bá píánò jà lórí ohùn, torí osán (okùn awọ ẹ̀gbẹ́ ìlù) ló ń gbé ohùn wọn sókè sódò, ọwọ́ onílù ló sì wà. Gúdúgúdú ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ohùn kan ṣoṣo ló ní, ìda tó wà láàárín awọ rẹ̀ ló sì ń pinnu ohùn náà. Bí òjò bá ti ń ṣú, awọ á rọ̀, ohùn á rẹlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tan AC, awọ á le, ohùn á ga. Ẹ wò ó báyìí: nínú gbọ̀ngàn kan náà tí AC ti ń fa ohùn píánò wálẹ̀, ó ń ti ohùn gúdúgúdú lọ sókè. Kí onígúdúgúdú gbé ìlù rẹ̀ wọlé ní wákàtí kan ṣáájú, kó má sì gbé e sínú oòrùn mọ́ lẹ́yìn tó bá ti bá píánò dán an wò.

Ẹ wo ojú ìwé àkọ́kọ́ Igi Nla So kẹ́ ẹ rí iye ìlù àti irú ìlù tí Euba béèrè gan-an, kẹ́ ẹ tó pe onílù. Ẹ má fi kẹríkẹrì rọ́pò gángan torí pé ẹni tó ní kẹríkẹrì ló wà nítòsí. Ọkùnrin yìí mọ ohun tó ń kọ. Orin dùndún ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana ní Legon lọ́dún 1974, ó sì mọ iṣẹ́ ìlù kọ̀ọ̀kan.

Ní ti onílù tí kò ka ìwé orin: ẹ má gbé ìwé síwájú rẹ̀, ẹ má sì ní kó máa ka báà (ìpín kéékèèké tí wọ́n fi ìlà pín lórí ìwé orin). Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Atẹpíánò á pín orin náà sí ìpín-ìpín, a ó wá ka iye ìgbà tí kónkóló (ìlù kúkúrú tó ń yí padà lemọ́lemọ́ láti tọ́ orin sọ́nà) yí nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Onílù kì í ṣi kónkóló kà, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn náà, kí atẹpíánò gba ohùn píánò nìkan sílẹ̀ sórí fóònù, ìpín kan fún fáìlì kan, kó má ṣe jẹ́ odindi orin nínú fáìlì kan, torí ibi tó bá ṣòro ni onílù máa fẹ́ gbọ́ ní ìgbà ogún. Kó sọ̀rọ̀ ṣókí ṣáájú ìpín kọ̀ọ̀kan: "Ìpín kẹta, ọwọ́ òsì máa bọ́ sílẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọlé." Ohun tí etí lè gbá mú ni kẹ́ ẹ fi ṣe àmì: ohùn tó jìn jù, ìdákẹ́ lójijì, ọwọ́ méjèèjì tó pàdé. Àmì mẹ́rin tàbí márùn-ún tó fún odindi orin.

Bí Euba bá kọ ohùn ìyáàlù sílẹ̀ ní pàtó níbì kan, atẹpíánò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lẹ́nu fún onílù: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kí onílù dá a padà fún un lẹ́nu kó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹgọ́. Tó bá ti lè pè é lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ á sọ ọ́. Ẹ fi ìgbáradì méjì àkọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ lásán, ẹ gbé ìlù wọlé ní ìkẹta. Ìgbáradì mẹ́rin, wákàtí méjì-méjì, ló kéré jù.

Ibi ìjókòó: ẹ gbé píánò kúrò lára ògiri ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà méjì, torí ẹ̀yìn ni ohùn píánò onídùúró ti ń jáde. Ẹ yí i kí àwọn ará ìlú rí ẹ̀gbẹ́ atẹpíánò. Kí àwọn onílù wà lápá ọ̀tún rẹ̀, níbi tí wọ́n ti lè rí èjìká àti orí rẹ̀, ní mítà méjì sẹ́yìn. Bí wọ́n bá wà níwájú píánò, gbogbo ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe ti sọnù nìyẹn. Ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sábẹ́ wọn. Táìsì máa ń sọ ohùn gúdúgúdú di òkúta.

Ṣaworo tún wà. Bí ìyáàlù bá kàn wà lórí àga nígbà tí quartet ń lọ lọ́wọ́, ṣaworo rẹ̀ á máa dún wínníwínní bí ẹni tó gbé e bá ti mí. Ẹ kó gbogbo ìlù sí yàrá kejì títí ìgbà wọn á fi tó.

Ẹ tún bá wọn sọ̀rọ̀ nípa oríkì. Bí àgbàlagbà kan bá wọlé, ìyáàlù á fẹ́ kí i, ìyẹn sì tọ́. Ẹ wá àyè fún un níta: kí ìyáàlù pe àwọn èèyàn wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó kí wọn, kó ki Euba fúnra rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ náwó fún un náwó níbẹ̀. Tí ìlẹ̀kùn bá ti tì, ọ̀rọ̀ tí Euba kọ nìkan ni ìlù ń sọ. Bẹ́ ẹ kò bá sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n á dá Igi Nla So dúró láàárín kí wọ́n lè lẹ owó mọ́ onílù níwájú.

OlókùnMẹ́rin kọ:

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló dára. Ìṣòro quartet yàtọ̀: ohùn wa kò tó ohùn ìlù, bẹ́ẹ̀ orin tí ènìyàn mẹ́rin ń lù láìsí adarí àti láìsí máíkì fẹ́ kí olùgbọ́ sún mọ́ ọn. Ẹ má fi wá sórí pẹpẹ ní ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn. Ẹ gbé wa sí ìdí ògiri gígùn, ní àárín gbùngbùn rẹ̀, kẹ́ ẹ to àga yí wa ká bí ìdajì òṣùpá. Nínú gbọ̀ngàn mítà 18 sí 10, ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ kò ní jìnnà sí wa ju nǹkan bíi mítà 13 lọ. Lórí pẹpẹ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18. Ẹ máa gbọ́ ìyàtọ̀ náà nígbà tí fiólà bá ń lù jẹ́ẹ́.

Àga 150 á gbà, ṣùgbọ́n 120 ni mo máa tò, kí ọ̀nà lè wà. Gbọ̀ngàn tó ṣófo pẹ̀lú táìsì máa ń dún gbọ̀ọ̀n-gbọ̀ọ̀n, àwọn èèyàn tó bá jókòó ló máa gbé ìdún náà mì. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bí ìgbáradì bá dún bí ẹni wà nínú àgbá. Ẹ kàn ta aṣọ tó wúwo sí ògiri òdìkejì, kẹ́ ẹ má sì lù yára ju bí gbọ̀ngàn ṣe gbà lọ.

Òjò ni ẹ̀rù mi. Ìparí oṣù Kẹrin n'Ìbàdàn, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni òjò alágbára máa ń sọ̀kalẹ̀ jù. PVC lábẹ́ páànù kò lè gba ohunkóhun. Ìṣẹ́jú mẹ́ta òjò bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ fáyólìn mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀, kẹ́ ẹ parí kó tó di aago kan. Ooru náà kò tíì le tán nígbà yẹn.

Jẹnẹrétọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ kú. Kì í ṣe ariwo rẹ̀ nìkan. Iná wa jẹ́ 50 Hz, ohun tó bá ń kùn lára fáànù, ballast (ẹ̀rọ inú iná onígílóòbù gígùn) àti tiransifọ́mà sábà máa ń kùn ní 100 Hz. Okùn G sẹ́lò tí a kò tẹ̀ jẹ́ 98 Hz. Bí sẹ́lò bá fa G yẹn gùn nígbà tí iná ń kùn, ohùn méjèèjì á kọlu ara wọn, á máa mì wọ́-ọ̀, wọ́-ọ̀, lẹ́ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Olùgbọ́ á rò pé asẹ́lò kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, asẹ́lò á máa yí èèkàn rẹ̀ kiri, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iná ni. Ẹ lo ìnfátà, irú èyí tí iná rẹ̀ mọ́ gaara bíi ti NEPA, torí irú olówó pọ́ọ́kú máa ń mú kí fáànù kùn ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ìṣirò rẹ̀: fáànù mẹ́fà ní nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 70 jẹ́ 420, gílóòbù LED mẹ́fà ní 10 jẹ́ 60, àpapọ̀ 480. Bátìrì 12V 200Ah méjì jẹ́ 4,800 wọ́ọ̀tì-wákàtí. Ìdajì rẹ̀ lẹ máa lò kí bátìrì má bàjẹ́, ìyẹn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí ìnfátà bá ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó tó.

Fáànù á máa ṣí ìwé orin. Pẹ́ẹ̀gì aṣọ méjì fún ìdúró ìwé kọ̀ọ̀kan ni oògùn rẹ̀, onígi ni kẹ́ ẹ rà, ti rọ́bà máa ń fò. Kí aládàkọ ṣètò ojú ìwé kí ìdákẹ́ wà níbi tí wọ́n ti máa ṣí i. Kí nọ́ńbà báà wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé gbogbo wa, kí ó sì bára mu pẹ̀lú ti ìwé àpapọ̀. Ìdajì wákàtí ìgbáradì ló máa ń bọ́ sórí "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti… ibo lo wà?"

Ọ̀rinrin oṣù Kẹrin máa ń mú kí èèkàn wú, kó sì lẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ díẹ̀ pa á. Bó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni, nígbà ọyẹ́, ṣọ́ọ̀kì lẹ máa lò torí á máa yọ̀, ojú ìsopọ̀ pákó fáyólìn a sì máa là. Okùn E méjì àti okùn A kan gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí.

Ní ti African Suite, mo bẹ̀ yín, ẹ fi í sílẹ̀. Sowande kọ ọ́ ní 1944 fún ẹgbẹ́ onífáyólìn púpọ̀ àti háàpù, abala márùn-ún ni. Ènìyàn mẹ́rin kò lè gbé e, bẹ́ẹ̀ fífi píánò dípò háàpù jẹ́ àtúntò tó ní àṣẹ tirẹ̀. Ọjọ́ Euba nìyí. Ẹ jẹ́ kó gba ọjọ́ náà tán.

Ilé_Ìwé_Orin kọ:

Lórí àṣẹ: ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ti olùgbọ́ kò sọ orin di ọ̀fẹ́. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ orin wà títí 70 ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Euba kú ní 14 oṣù Kẹrin 2020. Ìparí 2090 ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ máa tán. Fún àfiwé, Ayo Bankole, òun náà kọ orin, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ 1935, kú ní 1976, tirẹ̀ sì di ìparí 2046. Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí ẹni tó bá gba ọ̀kan kò tíì gba èkejì: ṣíṣe ẹ̀dà ìwé orin fún àwọn olórin, lílù ú ní gbangba, àti gbígba fídíò sílẹ̀ láti gbé sórí YouTube tàbí Facebook. Ìkẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, fídíò á wá pòórá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ kọ lẹ́tà sí ẹbí tàbí ẹni tó tẹ ìwé orin náà jáde, kẹ́ ẹ sì bi MCSN (ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin ní Nàìjíríà) nípa ti lílù ní gbangba. Kí lẹ́tà náà sọ ọjọ́, ibi, iye àga, pé owó ìwọlé kò sí, orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, iye ẹ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, àti bóyá ẹ máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fún wọn ní oṣù méjì ààbọ̀, ó kéré tán. Kí ìdúpẹ́ fún àṣẹ náà wà nínú ìwé ètò.

Ìwé orin: University of Ife Press tẹ Scenes from Traditional Life jáde ní 1975. Ẹ bi àwọn ẹ̀ka orin ní OAU àti UNILAG, ibi méjèèjì ni Euba ti kọ́ni. Bí ohun tẹ́ ẹ bá rí bá jẹ́ àfọwọ́kọ, tí wọ́n sì fún yín láṣẹ láti tún un kọ, MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ ìwé orin, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kejì fi ìka tẹ̀ lé gbogbo báà kó lè rí àṣìṣe. Nínú Scenes, tí Euba ti lo ìlànà ohùn méjìlá (ó to ohùn méjìlá tó wà lórí píánò tẹ̀ léra, láìfi ọ̀kan ṣe olórí), etí kò lè sọ fún yín pé àmì ṣáàpù kan ti já bọ́. Nínú orin ìsìn, etí á kígbe. Níbẹ̀ yẹn, ojú nìkan ló lè mú un.

Fún Six Yoruba Songs, ẹ kọ ọ̀rọ̀ orin náà pẹ̀lú àmì ohùn sínú ìwé akọrin. Akọrin tó kọ́ ọ̀nà òyìnbó máa ń fẹ́ fa fáwẹ́lì gùn kó sì gbé e sókè níbi tó bá ti dùn mọ́ ọn. "Ìgbà" á di "igbá", ojú àwọn ìyá tó jókòó níwájú á sì yí padà. Kí ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa jókòó ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn nígbà ìgbáradì láìmú ìwé lọ́wọ́, kó máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá kọ tó yàtọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa ṣàtúnṣe.

Ìwé ètò: A4 kan tí wọ́n ká sí méjì tó. Orúkọ orin, ọdún, iye abala, ìlà mẹ́ta-mẹ́ta ní Yorùbá lórí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye abala quartet gàǹgà-gàǹgà, kí adarí ètò náà sọ ọ́ lẹ́nu. Bí àwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́ láàárín abala, kí àwọn olórin rẹ́rìn-ín músẹ́, kí wọ́n dúró, kí wọ́n máa bá a lọ. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á kọ́kọ́ gbọ́ irú orin yìí lọ́jọ́ yẹn ni. Láìsí ìsinmi àárín, wákàtí kan sí ìṣẹ́jú 70 ló tó. Quartet ni kó ṣáájú nígbà tí etí ṣì tutù, kí orin àkọlẹ́nu tẹ̀ lé e, Scenes, lẹ́yìn náà Igi Nla So. Bí ìlù bá ṣáájú, fáyólìn á dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lójú ọjà.

Ọ̀rọ̀ owó: ẹ sanwó fún àwọn olórin, pàápàá àwọn onílù, iye kan náà fún wákàtí kan náà. Ó ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe máa ń kọ "honorarium" fún afáyólìn, tí wọ́n á sì ní kí onídùndún "gba ohun tí ará ìlú bá lẹ̀ mọ́ ọn".

Ìlà_Márùn-ún kọ:

Ẹ ṣeun gidi gan-an, Olúwa á máa ràn yín lọ́wọ́. A ti lọ wo píánò. Kíì A rẹ̀ jẹ́ 431. Ikán kò sí. Kíì márùn-ún ń lẹ̀, gbogbo wọn wà ní àárín, kò sì sí okùn tó já. A ti fi African Suite sílẹ̀, aago mọ́kànlá la sì mú. Akọrin wa ń bẹ̀rù pé 431 á dà á láàmú torí 440 ló fi ń kọ́ orin nílé.

Atúnpíánò kọ:

431 yẹn dára. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe síbẹ̀ gan-an, kí wọ́n má fà á sókè. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 440 fi díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo tó wà láàárín kíì funfun kan sí dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn gíga akọrin kò ní nira ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tilẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Ohun tó lè dà á láàmú ni pé kó máa fi kíbọ́ọ̀dù kọ́ orin ní 440 títí di àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ yí "Master Tune" kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sí 431 láti òní, ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù ló ní in, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Gbígbà sílẹ̀ tí atẹpíánò máa ṣe fún àwọn onílù náà, orí píánò gbọ̀ngàn yẹn ni kó ti ṣe é, kì í ṣe lórí kíbọ́ọ̀dù.

Kíì márùn-ún tó wà ní àárín, fẹ́ẹ̀tì ló wú, iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni. Ẹ ṣe é ṣáájú títún ohùn ṣe, torí wọ́n máa yọ àwọn kíì náà síta. Ọjọ́rú ni kẹ́ ẹ mú fún gbogbo rẹ̀. Kó wá yẹ àwọn okùn tó bá rọ̀ wò ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, kí àwọn onílù tó dé.